Ilé Kéwú Ọkọ́

Ọmọ mi, òórùn ìwé tuntun tó o ṣí yìí, òun gan-an ló wà lára àpò àlejò aláwọ̀ dúdú tó ti Amẹ́ríkà wá sílé wa. Ó fẹ́ mú mi lọ kọ́ ìwé, ó sì wù mí gan-an.

Bàbá mi ò gbójú kúrò lára wàláà tó ń kọ. "Kí ni wọ́n kọ́ ìwọ?"

"Iṣẹ́ àgbẹ̀, Àfáà. Ìjọba ló dá iléèwé tí mo lọ sílẹ̀ fún àwa ọmọ ẹrú."

"O la òkun kọjá torí oko ríro? Ilé kéwú ọkọ́! Lọ wá ọmọ ẹrú bíi tìẹ."

Gbogbo ọmọ kéwú bú sẹ́rìn-ín. Àlejò gbé àpò rẹ̀, òórùn náà bá a lọ.

Bàbá mi ọlọ́gbọ́n! Kéwú ò wọ̀ mí lórí. Ọkọ́ náà ni mo fi jẹun dọjọ́ ogbó, n ò sì mọ̀ ọ́n lò bó ṣe yẹ.