Iṣu Tí A Gbé Lọ sí Sálágà

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ohun tí a lọ ṣe ní ilẹ̀ Gánà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: iṣu la gbé lọ. Iṣu Ọ̀mù-Àrán la gbé lọ sí Sálágà. Ẹni tó bá mọ Sálágà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fara balẹ̀.

Àwa mẹ́ta ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń wá ìyàwó. Nígbà tí owó epo ń ya wọlé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná, ó sì ní rédíò kan tí ènìyàn méjì ń gbé. Nígbà tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó ta rédíò, ó ra ọkọ́. Ẹnì kejì, tíṣà ni ní Ìgbàjà. Owó oṣù rẹ̀ kì í dé, ṣùgbọ́n táì rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn. Èmi ni ẹ̀kẹta. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹnu mi ló ka ìyókù.

Ọmọ ìlú Arandun ni ọmọbìnrin tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́, àmọ́ Sálágà ni wọ́n bí i sí. Ìgbà tí wọ́n wá sin ìyá bàbá rẹ̀ nílé ni òun àti ọ̀rẹ́ mi rí ara wọn. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́ owó, òun ò fẹ́ aṣọ. Iṣu ìdána lòun fẹ́, èyí tí ọkọ ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè rẹ̀ nílé. Bí kò bá lè gbé e wá, kó jẹ́ kí ọmọ òun sinmi. Ọ̀rọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí iṣu ò bá dé, kò sí ìyàwó.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí bọ́dà padà ni. A di iṣu náà sínú báàgì alápótí-apótí tí a ń pè ní Gánà-Mọ́ọ̀sì-Gò, báàgì tí a fi yẹ̀yẹ́ àwọn ará Gánà nígbà tí à ń lé wọn kúrò nílẹ̀ wa. Àwa náà wá gbé e kọ́ apá, à ń lọ sílé wọn.

Ọjọ́ tó gùn jù ni ọjọ́ tí a kúrò ní Kùmásì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ la ti wọ lọ́rì. Eruku pọ́n wa lójú, ó pọ́n wa léyín. Tíṣà fi táì nu imú. Ọ̀rẹ́ mi gbé báàgì lé ẹsẹ̀, gbogbo ìgbà tí lọ́rì bá já sí kòtò, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Mo rò pé àwa ló ń kí. Iṣu ló ń kí.

Nígbà tí oòrùn mú, a dé Yéjì, níbi tí férì ti ń gbé ènìyàn kọjá adágún ńlá kan. Férì ti gúnlẹ̀, lọ́rì ń jáde nínú rẹ̀, iṣu kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bámú. Gbogbo iṣu ayé ló ń ti Sálágà bọ̀. Tiwa nìkan ló ń lọ.

Alábàárù kan tó ti gbé Èkó rí wá gbé ẹrù wa. Ó tẹ báàgì wò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà níbí?"

"Iṣu ni," ọ̀rẹ́ mi dáhùn.

"Ẹ sì ń lọ sí ibo?"

"Sálágà."

Ó rọra sọ báàgì kalẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá sọ ọmọ tó sùn kalẹ̀, ó ké sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì wá wò wá. Ó wá yíjú sí wa: "Nígbà tí ẹ lé wa, mo ní ẹ ò láàánú ènìyàn. N ò mọ̀ pé ẹ ò láàánú ara yín náà."

Láàárín omi, ẹ́ńjìnnì férì kú. A dúró sáàárín àwọn igi gbígbẹ tó yọ orí lójú omi, a jókòó pẹ́ẹ́ bí ère òkúta Ẹ̀sìẹ́. Ewúrẹ́ ẹnì kan wá já báàgì wa, ó sì gé iṣu kan jẹ kí ọ̀rẹ́ mi tó gbá a ní ìwo mú. Ibẹ̀ ni sùúrù mi ti tán.

"Jẹ́ ká da nǹkan yìí sómi," mo ní. "Tá a bá débẹ̀, a ó ra tiwọn, tó dán, tó tóbi. Ta ni yóò mọ̀?"

Tíṣà ní ìmọ̀ràn gidi nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. "Ìwọ lo bá mi kọ ebè ẹ̀?"

Ọjọ́ tó pe ọ̀wẹ̀ pé ká wá bá òun kọ ebè, mo ní inú ń run mí.

Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì jí. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ bàbá ọmọbìnrin náà ní Sálágà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ló jókòó sí, iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀ títí kan àjà. Iṣu ló ń tà! A dọ̀bálẹ̀. Ó tú báàgì: méjì ti kán, ewúrẹ́ ti jẹ ọ̀kan, ìyókù ti hunjọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan.

"Wọ́n gbé e wá o! Ìyá ọmọ, jáde wá wò ó, wọ́n gbé e wá!"

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀rẹ́ mi wà nílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," bàbá ní, "ṣé ẹ ò mọ̀ pé mo fi ìyẹn kọ̀ yín ni?"

Tíṣà tún táì ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì dìde nílẹ̀.

"Bàbá, n ò gbọ́ kíkọ̀. Iṣu ni mo gbọ́."

Ẹ̀rín bàbá dáwọ́ dúró. Ó gbé èyí tí ewúrẹ́ jẹ, ó yí i wò, ó sì kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Eléyìí ò gbọ́n rárá," ó ní. "Àwọn ọlọ́gbọ́n tó wá tọrọ ọmọ yìí, mo ní kí wọ́n lọ gbé iṣu wá, wọn ò tíì padà dé. Pe ọmọ yẹn kó wá kí ọkọ ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló ti àwọn tó kán sí iwájú mi. "Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, gba ọ̀bẹ. Máa bó o."

Mo bó o. Erùpẹ̀ ilé wa ṣì wà lára èèpo rẹ̀, inú rẹ̀ sì funfun. Wọ́n gún un. Èmi tí mo fẹ́ dà á sómi ni mo jẹ ẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ mi rí mi bí mo ṣe ń bù ú. Ó mú ẹran kan nínú tirẹ̀, ó fi sí tèmi.