Àǹtí Tó Kọ́kọ́ Ń Béèrè Ìdí

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn àǹtí tó kọ́ ọmọ mi ní jẹ́lé-ó-sinmi ní Awóyáyà. Wọn kì í yára sọ fọ́mọ pé ó ti kùnà. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná," ni wọ́n máa ń wí. Áàpù kan wà lórí fóònù wọn tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó nǹkan tó jọra jọ: ẹranko lọ́tọ̀, oúnjẹ lọ́tọ̀. Wọ́n máa ń pa ohùn rẹ̀, kó má baà máa ké mọ́ ọmọ tó bá ṣì í mú.

Ọmọbìnrin mi kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rárá, ọ̀gá iléèwé sì ti ní kí n mú un lọ síbòmíràn. Lọ́jọ́ tí mo wá mú òun àti báàgì rẹ̀ kúrò, ó fìka wọ́ àwòrán ẹja sáàárín oúnjẹ lórí fóònù àǹtí. Fóònù kọ̀ ọ́.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló dé tó o gbé e síbẹ̀, ìyá mi?"

Ọmọ mi nawọ́ sí ẹja náà. "Dádì mi ló pa á. A ti sè é."

Wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá. "Ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ, mà."

Ọmọ mi tún un sọ, ó ní ata rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dá báàgì rẹ̀ padà sí kíláàsì.