Ihò Mẹ́rin Lára Sílíńdà

Làtífù kì í ju nǹkan tó bà jẹ́ nù láìfọ́ ọ. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ. Ọdún méjìlélógún ló ti ń tún ẹsẹ̀ tí bàálù fi ń balẹ̀ ṣe ní pápákọ̀ òfurufú tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀ ní Euless, òfin ibẹ̀ kò sì yí padà rí: sílíńdà tó bá lu, písítìn tó bá ha, a kì í jù ú sínú pàǹtírí bẹ́ẹ̀. A ó fi òòlù fọ́ ọ ná. A ó fi ayùn gé e sí méjì. Kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á, kó nù ún, kó tà á, kó sì pa àwọn tó wà nínú bàálù lókè.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí ìkòkò bá jò nílé Làtífù, àfi kí Sururat ìyàwó rẹ̀ yáa sáré gbé e pamọ́.

Ọmọ wọn ọkùnrin, Abdulqoyyum, kì í ju nǹkan kan nù ní tirẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní Sátidé, ìbọn. Kì í ṣe ìbọn tó ń pànìyàn o. Ìbọn eré tí wọ́n ń pè ní airsoft, tó ń yin ọta rọ́bà tí kò tó hóró àgbàdo. Inú rẹ̀ kò ṣòro: sípíríǹgì ń ti písítìn, písítìn ń sáré nínú sílíńdà, afẹ́fẹ́ tó bá tì síwájú ló ń gbé ọta jáde. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á lọ sí ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Mansfield, wọn á sá pamọ́ sẹ́yìn pákó, wọn á máa yìnbọn lu ara wọn. Ẹni tí ọta bá bà, á nawọ́ sókè, á jáde.

Inú gáréèjì ló ti máa ń tú ìbọn náà. Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kìíní, ó pe bàbá rẹ̀.

"Dadi, ẹ wá wo sílíńdà mi. Ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀."

"Ẹsẹ̀ bàálù ni mo ń tún ṣe látàárọ̀, Abdulqoyyum. O wá fẹ́ kí n máa tún ìṣeré ọmọdé ṣe."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, sà."

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá oníbàálù! Kò burú. A máa dúró dè yín."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé pẹ̀lú yìnyín. Gbogbo ojú ọ̀nà ń dán bíi gíláàsì. Ọkọ̀ ọmọ náà yọ̀ lórí òpópónà 183 nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí wọ́n tó kírun alásárì ọjọ́ kejì, ó ti wà nínú ilẹ̀.

Wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n ṣe ti ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Gbéminíyì, ọ̀rẹ́ olóògbé tó ń gbé ní Sachse, wá dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀.

"Dadi, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ní Sátidé, a fẹ́ ṣeré kan fún un. Àṣà wa ni. Ìbọn ẹni tó lọ máa ń bá wa wọlé. Oníkálukú á gbé e fún ìgbà díẹ̀."

"Ó ṣì wà ní títú lórí tábìlì."

"Èmi lè bá yín tò ó pọ̀, sà."

"Èmi ni màá tò ó."

"Dadi, ẹ má ṣe wàhálà—"

"Mo ní èmi ni."

Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò wá ohun mìíràn. Kó san án fún ọmọ rẹ̀, kí ìbọn náà sì dún ní Sátidé.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó nu písítìn. Ó gbé sílíńdà sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ihò. Mẹ́rin. Wẹ́wẹ́, lára irin náà, wọn kò tò gún, ọ̀kan tilẹ̀ wọ́. Ó fi ìka dí ẹnu sílíńdà náà, ó ti písítìn. Ṣíín. Afẹ́fẹ́ ń jò.

Ó jókòó. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé ká ní òun wá wò ó lọ́jọ́ yẹn ni, òun ì bá ti sọ fún un pé sílíńdà tó lu ti kú.

Ó wakọ̀ lọ ra tuntun. Ó ra òrùka rọ́bà tuntun sí orí písítìn. Ó tún fi ìka dí ẹnu rẹ̀, ó tì í. Písítìn dúró gbọnin. Kò jò rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ohun tó lé ní ogójì ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ fún sílíńdà tó lu náà. Òòlù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ayùn. Àgbá pàǹtírí. Òun fúnra rẹ̀ ló ti àgbá náà dé etí títì, kí ọkọ̀ tó ń kó o tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Ní Sátidé, Sururat ní ojú òun kò lè wo ìbọn kankan. Hafsah, àbúrò olóògbé, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, ló tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí Mansfield. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́dọ̀ yin ìbọn kọ̀ọ̀kan gba inú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn bí ọta ṣe ń sáré tó. Nítorí inú ilé ni wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń súnmọ́ra, eré ọta náà kò gbọdọ̀ kọjá iye kan.

Gbéminíyì yìn ín. Ó wo ẹ̀rọ. Ó tún un yìn.

"Dadi, ó ti le jù. Wọn ò ní jẹ́ kó wọlé."

"Ó le báwo? Mo ṣe é pé ni! Kò jò rárá."

"Ìyẹn gan-an ni, sà." Ó yí ìbọn náà lọ́wọ́. "Sílíńdà oníhò mẹ́rin yẹn dà?"

Làtífù gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Hafsah ló sọ̀rọ̀. Yorùbá ló sọ, òun tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá bàbá rẹ̀ lóhùn.

"Nítorí tèmi ni, Dadi." Ó fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, mo bá wọn ṣeré, ọta bà mí níbí. Mo sunkún. Brother wá ń lu ihò. Á lu ọ̀kan, á yìn ín wò. Á tún lu ọ̀kan. Ó ní títí tí kò fi ní dun èmi mọ́. Ó fẹ́ fi hàn yín."

"Ó ń bẹ nílé, àbí?" ni Gbéminíyì wí. "Ẹ jẹ́ ká sáré lọ mú un wá. A máa dúró."

"Mo ti fọ́ ọ."

"Ẹ ti...?"

"Mo fi òòlù fọ́ ọ. Mo gé e sí méjì." Ohùn tó fi ń jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló fi sọ ọ́. "Wọ́n ti kó o lọ lánàá."

Wọ́n gbé ìbọn náà sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wọlé láìsí i. Làtífù dúró tì í, ó ń gbọ́ bí ọta ṣe ń ba pákó nínú lọ́hùn-ún, tó-tó-tó, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.

Ọjọ́ Àìkú. Gáréèjì. Ó tú ìbọn náà. Hafsah dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ibo ló lu ihò àkọ́kọ́ sí?"

Hafsah fi ìka tọ́ka síbì kan. Ó gbé ìka kúrò. Ó tọ́ka síbòmíràn.

"Mi ò rántí mọ́, Dadi."

Ọdún méjìlélógún tó ti ń dí ohun tó ń jò. Kò lu sílíńdà tó dára rí. Ó gbé dírìlì, ó mí kanlẹ̀, ó lu ọ̀kan. Ó fi ẹnu fẹ́ ìyẹ̀fun irin náà dànù, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

Ihò náà gún régé.

Ó lu èkejì. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yí ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kó lè wọ́ bíi ti ọmọ rẹ̀. Òun náà gún.