Àkùkọ Tí Mo Tà fún Bíríkìlà

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ àgbàlá Ìyá Ṣìfáwù ní Ilo-Awela ní Sango, Ìyá ò bi mí bóyá mo mọ iṣẹ́ adìẹ. Wọ́n kàn nawọ́ sí ọ̀dọ́ àkùkọ mẹ́sàn-án tó ń jẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní, "Rísì, tó bá jẹ́ pé tìẹ ni gbogbo èyí, èwo lo máa fi sílẹ̀ kó máa gun àwọn àgbébọ̀?" N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo nawọ́ sí èyí tó ga jù, tí àyà rẹ̀ yọ síwájú, tí ogbe orí rẹ̀ pọ́n yòò. Ìyá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi máńgòrò mú.

"Èyí tó o mú yẹn," wọ́n ní, "ọbẹ̀ ni."

Ọmọ Ẹdẹ ni mí. Ọkọ mi ló mú mi wá sí Sango. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ni òun ń bá ṣiṣẹ́, èmi sì ń di ọ̀rá ní iléeṣẹ́ mìíràn lọ́nà Ọ̀tà. Àtàárọ̀ dalẹ́ la fi ń dúró níbẹ̀. Nígbà tí mo bí ọmọ kejì, àbúrò Wàsíù, ẹsẹ̀ mi wú débi pé kò gba bàtà mọ́, ni mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ìyá Ṣìfáwù ni aládùúgbò wa, ọmọ bíbí Ọ̀tà, opó tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Adìẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n ń sìn, wọ́n sì ń ta òròmọdìẹ àti àgbébọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ìyá ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa, èmi náà ń wá iṣẹ́ tí mo lè jókòó ṣe. Bí mo ṣe di aládìẹ nìyẹn.

Àwọn adìẹ Ìyá ò tóbi. Pupa ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn sì gbẹ. Ṣùgbọ́n kò sí àgbébọ̀ tó mọ ẹyin í sàba lé bíi tiwọn ní gbogbo àdúgbò. Òjò ìbá máa rọ̀ lé e lẹ́yìn, kò ní dìde títí yóò fi pamọ. Ìyá tó bí Ìyá Ṣìfáwù ló kó ìyá àwọn adìẹ náà fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ọkọ, nínú àgò, láti agboolé wọn ní àárín Ọ̀tà. Nǹkan kan tún wà lára ìran adìẹ yìí tí mi ò rí níbòmíràn: àkùkọ wọn kì í fa ìparí igbe rẹ̀. Á kọ, á kọ, á gé e pẹ́kí, bí ẹni tí wọ́n pè nígbà tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń ṣa àkùkọ, nígbà tí ohùn àwọn ọ̀dọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àgbébọ̀ ló ni agbo. Ìyá kì í gbà. Wọ́n á ní, "Àgbébọ̀ tí ò dáa, ìtẹ́ kan ló bàjẹ́. Àkùkọ tí ò dáa, gbogbo ilé ló bàjẹ́." Nítorí náà, wọn kì í kánjú. Wọ́n á kọ́kọ́ da àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan sílẹ̀ níwájú àwọn ọ̀dọ́ àkùkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ki ẹnu bọ̀ ọ́ tó ń gbé e mì, ọjà ni ìyẹn. Èyí tó bá ṣa á, tó jù ú sílẹ̀, tó ń ké kúkúkú pe àwọn àgbébọ̀ wá jẹun, Ìyá á yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú ìborùn dúdú kan tó ti gbó, wọ́n á fì í sókè lójijì kí òjìji rẹ̀ lè kọjá lórí ilẹ̀ bíi ti àṣá. Èyí tó bá sá láìpariwo, kò sí àyè fún un. Èyí tó bá kígbe kìlọ̀ kó tó sá, tó sì kẹ́yìn gbogbo wọn wọlé, òun la ó dúró gbọ́ ohùn rẹ̀; tó bá gé e pẹ́kí, Ìyá á so òwú dúdú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ìwà lẹwà, Rísì," ni Ìyá máa ń sọ. "Má wo ogbe."

Òfin tó kẹ́yìn ni pé méjì la gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Àṣá ń bẹ, mọ́tò ń bẹ, lùkúlùkú tí ń pa adìẹ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ náà ń bẹ. Ẹni tó ní àkùkọ kan ṣoṣo, Ìyá ní ẹni náà ò tíì ní àkùkọ.

Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí a jọ ṣe é, kí orúnkún tó dá Ìyá dúró. Ọmọ wọn ọkùnrin wá kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta, sí òkè ilé alájà mẹ́ta tí adìẹ ò ti lè fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n gbé ìborùn dúdú náà àti àgò kan fún mi. Àkùkọ kan (àṣá ti gbé èkejì) àti àgbébọ̀ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ta ìyókù, wọ́n sì ní kí n máa lo àgbàlá wọn.

"Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n parẹ́ o," Ìyá wí. "N ò ní irú wọn níbòmíì mọ́."

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Mo rò pé adìẹ àti ìborùn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. N kò mọ̀ pé ibi tí Ìyá máa ń jókòó sí lábẹ́ máńgòrò yẹn ni yóò máa yọ mí lẹ́nu. Ọjọ́ mélòó ni mo bu omi sí kọ́ọ̀pù méjì kí n tó rántí pé èmi nìkan ni mo kù.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Nígbà tí àkùkọ àgbà náà ń darúgbó, mo ti ṣa méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì ti so òwú dúdú mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àmọ́ Sango ni mo wà o, ìlú àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìẹ, ìlú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pamọ. Ibi gbogbo ni àgíríìkì wà. Àwọn oníbàárà á wo agbo mi, wọ́n á ní, "Ìyá Wàsíù, àwọn adìẹ yín yìí kéré o. Ṣé wọ́n ń gbààwẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Ni ọkùnrin kan tó ń ta adìẹ àgíríìkì bá gbé àkùkọ kan kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ga, àyà rẹ̀ yọ, ogbe rẹ̀ pọ́n. Mo rà á lójú ẹsẹ̀. N kò da àgbàdo sílẹ̀ fún un, n kò fi ìborùn dán an wò. Mo tún wá sọ fún ara mi pé kí ni mo fẹ́ fi àwọn kékeré méjì yẹn ṣe. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹran adìẹ. Bàbá Táíwò, bíríkìlà kan láti Ijoko, ló ra èkejì. Ó ní Kérésì lòun máa fi ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló já òwú dúdú kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó sì jù ú sílẹ̀.

Ẹ ò bá rí àwọn ọmọ tí àkùkọ ńlá náà bí! Wọ́n ń tóbi bí ẹni ń fẹ́ bàlúùnù. Oníbàárà ń yìn mí, orí mi ń wú. Ìgbà tí àwọn abo inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Wọ́n ń yé dáadáa o, wọ́n kàn ń yé e sílẹ̀ lọ ni. Èyí tó bá tiẹ̀ gbìyànjú á sàba fún ọjọ́ mẹ́ta, á dìde, ẹyin á tutù. Àwọn tí mo tà fún ń padà wá. Ọ̀kan sọ fún mi pé, "Ìyá Wàsíù, adìẹ tẹ́ ẹ tà fún mi, ó dà bíi pé kò mọ̀ pé òun ló ni ẹyin." Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún. Lùkúlùkú ti pa méjì nínú àgbébọ̀ Ìyá àti àwọn ọmọ wọn tí n kò tíì tà, àkùkọ àgbà náà ti kú. Ó ku abo arúgbó kan péré.

Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbá, Ìyá máa ń pè mí lórí fóònù.

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń sàba?"

"Wọ́n ń sàba dáadáa, Ìyá."

Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Mo máa ń rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n á wá ní, "Ó dáa. Bá mi tọ́jú wọn." Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi parọ́ yìí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo ń fẹ́ gbọ́ ohùn Ìyá, mo sì ń bẹ̀rù kí fóònù dún.

Ọjọ́ kan ni mo gbé òròmọdìẹ lọ fún ẹnì kan ní Ijoko. Bí mo ṣe ń bọ̀, àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ó kọ, ó kọ, ó gé e pẹ́kí. Mo dúró sójú títì tí ọlọ́kadà fi ń bú mi. Mo tọ ohùn náà lọ. Bàbá Táíwò ni mo bá níbẹ̀, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ń jẹ gúgúrú.

"Háà, Ìyá Wàsíù! Ẹ má bínú o, mi ò pa á."

"Kí ló dé tẹ́ ò pa á?"

"Lọ́jọ́ Kérésì, ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jẹun àjẹkẹ́yìn, mo da àgbàdo sílẹ̀ fún un. Kò jẹ ẹ́! Ó ń pe adìẹ aládùúgbò wá jẹ. Ìyá Wàsíù, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Ìrẹsì lásán la jẹ."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á padà fún mi. Ó ní rárá, àkùkọ náà ti di ọmọ ilé, ohùn rẹ̀ ló ń jí òun láàárọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìyàwó fún un," ó wí, "ẹ gbé e wá. A ò ní gba owó orí."

Ọjọ́ kejì ni mo gbé abo arúgbó náà dé. Òun kọ́ ni ìyá àkùkọ náà. Ìyá tirẹ̀ wà lára àwọn tó kú. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ijoko kí n tó gbé e padà. Ẹyin mẹ́fà ló yé, kò sì yé ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ títí ayé rẹ̀. Ó sàba. Mo ń jí lọ wò ó bí ìyá ìkókó. Ní ọjọ́ kọkànlélógún, márùn-ún là. Akọ mẹ́ta, abo méjì.

N kò sọ fún Ìyá. Mo dúró títí ohùn àwọn akọ fi là, tí mo da àgbàdo sílẹ̀, tí mo fi ìborùn dán wọn wò, tí mo so òwú dúdú mọ́ méjì. Nígbà tí Ìyá pè lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, n kò jẹ́ kí wọ́n béèrè.

"Ìyá, mo parọ́ fún yín." Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti àgíríìkì, àti bíríkìlà.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Àkùkọ rẹ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, ó ń kọ lẹ́yìn rẹ. Ó ń fa ohùn bí ọ̀lẹ tó ń fa ẹsẹ̀. Ohùn ilé wa kọ́ nìyẹn." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo ń dúró de ìwọ fúnra rẹ ni."

Ojú tì mí. Ìyá ní kí n gbé fóònù síta. Mo dúró lábẹ́ máńgòrò, mo na fóònù sí àwọn ọ̀dọ́ àkùkọ náà. Wọn ò kọ. Ẹ mọ̀ bí adìẹ ṣe ń ṣe tí èèyàn bá ń bẹ̀ ẹ́. A dúró, èmi ní Sango, Ìyá ní Abẹ́òkúta. Nígbà tó yá, ọ̀kan gun orí àgò, ó kọ, ó gé e pẹ́kí.

Mo gbọ́ tí Ìyá ń sunkún. Ohun tí wọ́n sọ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ, èmi kọ́ ni wọ́n sì sọ ọ́ fún. Wọ́n ní, "Káàbọ̀."

Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Ìyá fi jáde láyé. Mo ń ṣàárò wọn, n kò lè purọ́. Nọ́ńbà wọn ṣì wà lórí fóònù mi, mi ò lè pa á rẹ́. Mo ti ta àwọn àgíríìkì náà tán. Adìẹ mi ti pọ̀ báyìí, pupa kékeré ni gbogbo wọn, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá ní wọ́n kéré pé ẹran àgíríìkì kò wọ́n ní Sango.

Àná jẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ tí mo ń ṣa àkùkọ. Wọ́n jẹ́ méje. Mo da àgbàdo sílẹ̀, mo fi ìborùn Ìyá dán wọn wò. Mo so òwú mọ́ ọ̀kan, ó ku ọ̀kan. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí ogbe rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fò gun ibi tí Ìyá máa ń jókòó sí, ó kọ, ó gé e. Kò sẹ́ni tí mo lè pè. Mo tẹ̀ ba, mo so òwú dúdú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, mo sì gbé ohùn sókè kí ẹni tó ni í lè gbọ́: "Ìyá, èyí kì í ṣe ọbẹ̀."