Afẹ́fẹ́ Inú Gìgísẹ̀ Wagiyo

Kò sí wíwú tí Wagiyo ò mọ orúkọ rẹ̀ ní abúlé wa lẹ́bàá ìlú Klaten, orúkọ kan ṣoṣo náà sì ni gbogbo wọn ń jẹ́: afẹ́fẹ́. Bí orúnkún wú, afẹ́fẹ́ ni. Bí ọrùn ọwọ́ wú, afẹ́fẹ́ ló kó síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń da òróró àgbọn àti àlùbọ́sà sára ènìyàn, tí ó ń tẹ̀ wọ́n bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá ké, á ní, "Jẹ́ ó jáde! Afẹ́fẹ́ ló ń lọ yẹn."

Lọ́jọ́ òmìnira tó kọjá, àgbàlagbà yìí bọ́ sínú àpò ìrẹsì, ó ní òun náà á bá àwọn ọ̀dọ́ díje, kí òun fi àpò sáré. Kò fò dé ìdajì ọ̀nà tí nǹkan fi dún pọ́! lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣan gìgísẹ̀ ló ya. Ó wọ́ra délé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, gìgísẹ̀ ti wú ju ti ọjọ́ kìíní lọ. Ìgbà yẹn ni Wening, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wálé.

"Bàbá, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!"

"Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ló lágídí."

"Afẹ́fẹ́ wo? Àwọn ọmọ ogun ara ló wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ń kó èyí tó ti bàjẹ́ kúrò. Tí wọ́n bá palẹ̀ mọ́ tán, àwọn mìíràn á gbaṣẹ́, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn tó máa hun iṣan tuntun. Ẹ̀yin wá ń tún ibẹ̀ ya lójoojúmọ́! Ìjà ni wọ́n ń jà ṣáá, ta ló máa ráyè hun nǹkan?"

"Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

"Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ̀yin náà lẹ sì máa yarọ. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Tó bá já pátá, ẹ ò ní fi rìn dáadáa mọ́ láyé yín."

Ọ̀rọ̀ yìí ba ọ̀gá lẹ́rù. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, kò fọwọ́ kàn án mọ́, àfi ìgbà tí Wening bá ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa rọra nà án. Lọ́sẹ̀ kẹta, wíwú náà ti ń fà. Ṣùgbọ́n ẹ wo àìnítìjú: ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé àpótí, ó sì jókòó, ó ń tẹ wíwú ẹlòmíràn! Wọ́n ní ẹni tó bá ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. A ò wò ó.

Àfi Sutaryo, tó ń ṣe bíríkì. Láti ìgbà òjò ni Wagiyo ti ń tẹ kókósẹ̀ rẹ̀, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Ó na ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan, Wagiyo ti ki ọwọ́ bọ òróró, ni ojú Sutaryo bá bọ́ sórí gìgísẹ̀ ọ̀gá tó wà lórí àpótí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà ti ń fà o. Ta ló ń bá yín tẹ tiyín?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

Wagiyo wo gìgísẹ̀ ara rẹ̀. Òróró ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Oṣù mẹ́jọ lẹ ti ń tẹ tèmi," ni Sutaryo wí. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò, ó mú ọ̀pá, ó sì tiro jáde.