Ẹ̀gbọ́n Tó Wà Nínú Omi

Ìtàn tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ nípa olóògbé Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ni ti ọjọ́ tí ọmọ àbúrò rẹ̀ dé láti ilé. Ó lọ pàdé ọmọbìnrin náà ní pápákọ̀ òfurufú, ó gbé àpótí ẹrù rẹ̀, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ náà rò pé ilé ni wọ́n ń lọ, níbi tí òun yóò ti wẹ̀, tí òun yóò ti jẹun, tí òun yóò sì sùn fọnfọn. Àfi bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ níwájú ilé ẹja, ilé ńlá kan láàárín ìlú tí wọ́n kó oríṣiríṣi ẹja sínú àpótí dígí fún aráyé wò. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ wọ́ ẹrù kọjá lára àwọn ẹja aláwọ̀ mèremère, kò tilẹ̀ bojú wò wọ́n. Ó lọ dúró ní kọ̀rọ̀ kan, níwájú àpótí dígí tí kò jọ pé ohunkóhun wà nínú rẹ̀ ju àpáta lọ.

"Ó yá, kí ẹ̀gbọ́n wa."

"Ẹ̀gbọ́n dà?"

Ó nàka sábẹ́ àpáta. Nǹkan dúdú kan wà níbẹ̀, ó la ẹnu gbàgàdà, ó sì pa á dé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹja nìyí o."

"Mo mọ̀ pé ẹja ni. Ṣé mo sọ fún ẹ pé ìyá mi ló bí i ni? Òkun ilé wa ni wọ́n ti gbé e wá, ó wà lára pátákó yẹn, lọ kà á. Ó ti lo ọdún kan gbáko nílùú yìí kí èmi tó dé. Ẹni tó bá ṣáájú ẹni dé àjò, ẹ̀gbọ́n ẹni ni. Kí i, ká máa lọ, ebi ń pa mí."

Ọmọbìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn èèyàn ti ń wò wọ́n. Ó rọra tẹ orúnkún, ó ní, "Ẹ kú ilé o, sà." Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ ní ó dáa, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kó gbé ohùn sókè díẹ̀, torí dígí náà nípọn.

Bí ó ṣe rí nìyẹn. Aránṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, tó jẹ́ pé bí oníbàárà méjì bá wọlé, òun fúnra rẹ̀ á bọ́ síta. Kò sí aṣọ tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní sọ pé ó ti parí. "Ó ku bọ́tìnnì nìkan." Ìbáà ṣe aṣọ tí kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn, bọ́tìnnì nìkan ló kù. Lọ́jọ́ kan, ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì gbọ́ èsì yìí, ó yípadà, ó ti ń lọ, kó tó rántí pé kọ́tìnì lòun gbé wá.

"Kọ́tìnì òde òní máa ń ní bọ́tìnnì, màmá," ni Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ wí, ojú kò tì í. Ó sì rán bọ́tìnnì sí i lóòótọ́. Ó wà lójú fèrèsé obìnrin náà títí dòní.

Àjákù aṣọ àwọn oníbàárà ló fi rán kóòtù tirẹ̀. Apá kan pupa, èkejì aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo àdúgbò. Ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ti di onídìrí, tó sì ti mọ àwọn èèyàn pàtàkì nílùú, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má wọ̀ ọ́ jáde mọ́.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà," ni yóò dáhùn, "kò lè lákìísà bí àgbà." Á sì wọ̀ ọ́ jáde.

Gbogbo Sátidé ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ẹja. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ á gbé àga fún un, Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ á jókòó, á máa ròyìn ilé fún ẹja: ẹni tó kọ́lé, ẹni tó bímọ, ẹni tó ní òun á gbéyàwó tí kò gbé e mọ́. Ẹja náà á jáde wá láti abẹ́ àpáta, á kọjú sí i, á máa la ẹnu, á máa pa á dé. Ẹlòmíràn ò rí i kó jáde rí. Ìròyìn ikú nìkan ni Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ kì í sọ fún un. "A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà nínú omi," ló wí. "Bó bá ń sunkún, ta ló máa mọ̀? Ta ló máa bá a nu ojú?"

Ìgbà tó yá, ẹ̀ṣọ́ pè é sí kọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ gbé ẹja náà lọ sí ìlú mìíràn tó jìnnà, wọ́n fẹ́ kó ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà sí àyè rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ kò dúró gbọ́ ọ tán. Ọ́fíìsì máníjà ló gbà lọ.

"Ẹja yẹn kì í jáde," ni máníjà sọ. "Àpáta làwọn èèyàn ń wá wò."

"Ó máa ń jáde."

"Mi ò rí i rí látìgbà tí mo ti wà níbí."

"Ṣé ẹ ti kí i rí?"

Máníjà ní òun ò kí i rí.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ máa jáde sí ẹni tí kò kí yín?"

Ẹ̀rín pa máníjà. Ó ní kó wá ní Sátidé, kó pè é lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Bí ó bá jáde, kò lọ mọ́. Bí kò bá jáde, kí wọ́n dágbére fún ara wọn.

Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ délé, kò lè jẹun. "Bí wọ́n bá gbé e lọ, èmi ni mo di àgbà níbí nìyẹn," ló sọ fún ọmọ àbúrò rẹ̀. "Ta ni n ó máa rojọ́ fún?" Ọmọ náà ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àánú rẹ̀ ṣe é gan-an.

Òun ló gbà á nímọ̀ràn pé kó wọ súùtù, torí máníjà. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ rán súùtù dúdú kan fún ara rẹ̀, tòun ti bọ́tìnnì, aṣọ kan ṣoṣo tó parí lásìkò ní gbogbo ayé rẹ̀. Ọmọ náà fi kóòtù alájàákù sínú báàgì, nítorí òtútù.

Gbogbo òṣìṣẹ́ pé jọ, àwọn ọmọ iléèwé tó wá wòran náà dúró.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

Àpáta ò mì.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni o."

Kò sóhun tó jáde. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ nu òógùn, ó tún kí i. Máníjà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ gbójú sílẹ̀. Ìgbà náà lọmọ àbúrò rẹ̀ já gba àárín èrò kọjá.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wọ kóòtù yín."

"Lójú máníjà?"

"Kò mọ̀ yín nínú súùtù ni!"

Ojú Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ là. "Haa! Ó rò pé máníjà ni mí."

Ó wọ kóòtù lé súùtù. Apá pupa wọlé, apá aláwọ̀ ewé wọlé. Omi rú lábẹ́ àpáta, ẹja náà sì yọ, ó tóbi, ó dúdú, kò yára, bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun. Ó wá títí tí imú rẹ̀ fi kan dígí, ó la ẹnu gbàgàdà sí máníjà. Àwọn ọmọ iléèwé pariwo, ẹ̀ṣọ́ ju fìlà sókè, agbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ nù. Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ nìkan ni kò pariwo. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Ẹ kí i," ló sọ fún máníjà.

Máníjà wúkọ́, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti kọ ọ́ kún pátákó ibẹ̀ pé kí gbogbo ẹni tó bá wá máa kí i.

Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Télọ̀ kú, àwọn tó wá palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́ ti ju kóòtù náà sínú àpò ìdọ̀tí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ yọ ọ́ jáde. Ní Sátidé, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ẹja, láàárín ìgboro, lójú àwọn èèyàn pàtàkì tó ń dirun fún. Apá rẹ̀ gùn jù fún un. Ẹ̀ṣọ́ rí i, ó lọ gbé àga wá.

Ẹja náà jáde. Ó wá sídìí dígí, ó wo kóòtù, ó wà níbẹ̀, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Omi ti kún ojú ọmọbìnrin náà. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó wá rántí pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà nínú omi. Ó fi apá pupa nu ojú, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, torí dígí náà nípọn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Bọ̀ọ̀dá ní kí n kí yín. Ó ń bọ̀. Ó ku bọ́tìnnì nìkan."