Ohun Tó Ń Pa Kòkó Bàbá

Nílé wa l'Ọ́kà, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ mi délẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ fáwọn èèyàn pé dókítà ni mí. Bí àwọn yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro àìsàn wọn fún mi, ìyá mi á ní, "Dókítà igi ni o." Bàbá ní tiwọn kì í fi bò: "Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì, tó wá ń walẹ̀ kiri inú igbó bí òkété!" Wọn ò kúkú purọ́. Gbòǹgbò ni mò ń wò. Mo máa ń wa kòtò nínú igbó, màá gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, màá wo ohun tó ń gbé ibẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ara igbó náà le. Ewé lè tan èèyàn jẹ. Igi tó ti ń kú lábẹ́ ilẹ̀ ṣì lè máa yọ ewé tuntun lókè.

Lásìkò òjò ni Bàbá pè mí lórí fóònù n'Íkàrẹ́ tí mò ń gbé. Wọn ò dúró gba ìkíni mi.

"Wá wo kòkó mi. Àbúrò rẹ ti pa á."

Ọmọ ìyàwó wọn kejì ni àbúrò tí wọ́n ń wí. Oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ló pààlà pẹ̀lú kòkó Bàbá, pèrègún ló là wọ́n láàárín. Ó máa ń fún kẹ́míkà sí koríko oko rẹ̀, bí gbogbo àgbẹ̀ ayé ìsinsìnyí. Ìgbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ewé ń pọ́n, tí igi ń gbẹ lóòró, Bàbá ní kẹ́míkà yẹn ni, pé ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ni, torí ó tọrọ ilẹ̀ kún ilẹ̀, àwọn ò fún un. Wọ́n ní tí àwọn bá ti kírun Jímọ̀ tán, Àáfà máa wá sílé, ọmọ náà á sì fi Kùránì búra.

Àbúrò mi ti fèsì. Ó ní ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá mú búra, kò ní bàbá mọ́. Bí wọ́n bá gbé Kùránì síwájú òun, ẹrù òun lòun máa gbé, ẹnikẹ́ni ò sì ní fojú kan òun l'Ọ́kà mọ́. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Láàárọ̀ Jímọ̀ ọ̀hún, mo gun ọ̀kadà, mo gbé àpò irinṣẹ́ lé itan. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ní kẹ́míkà ni, ayé á ní ọmọ ìyáálé ti ọmọ orogún lulẹ̀. Bí mo bá ní kì í ṣe kẹ́míkà, Bàbá á ní mo ń bò ó láṣìírí.

Bàbá ti ń dúró nínú oko. Àbúrò mi wà lódìkejì pèrègún, ó káwọ́ gbera, torí Bàbá ti ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kòkó mọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí."

"Káàárọ̀ o, àbúrò mi."

Bàbá wò mí bí ẹni tó kí ọ̀tá. Wọ́n gbóhùn sókè kí àbúrò mi lè gbọ́: "Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà!"

"Bàbá, ẹ jẹ́ n wò ó ná."

"Wò ó. Ohun tó o bá rí, òun la máa gbà. Ṣá má pẹ́, mọ́ṣáláṣí ń dúró."

Koríko ni mo kọ́kọ́ wò. Ó tutù yọ̀yọ̀ lábẹ́ àwọn kòkó tó ń kú. Kẹ́míkà wo ló máa pa igi tí kò ní kọ́kọ́ jó koríko? Mo walẹ̀, ekòló ń yí nínú rẹ̀. Mo lọ síbi pèrègún, níbi tí kẹ́míkà ì bá ti kọ́kọ́ dé. Kòkó ibẹ̀ so jìngbìnnì. Àárín oko ni ikú ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń fẹ̀ bọ̀ níta. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe òun, kí ni?

Mo kúnlẹ̀ nídìí igi kan, mo fi ọ̀bẹ bó èèpo gbòǹgbò rẹ̀. Nǹkan funfun kan tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ èèpo náà, bí awọ tó máa ń bo ojú ẹ̀kọ tó ti tutù. Ó ń rùn bí olú. Mo ti rí irú rẹ̀ nínú igbó rí. Olú tó ń jẹ gbòǹgbò ni. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà, látorí gbòǹgbò kan bọ́ sórí òmíràn. Kì í ṣàdédé wá. Ó ní láti ní ilé kan tó ti ń jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ tẹ̀ lé e. Òógùn bò mí. Gbòǹgbò kòkó wọnú gbòǹgbò mìíràn tó tó itan mi, tó ti rà. Mo ń lọ, mo ń gé ìtàkùn, àfìgbà tí àdá mi kọ lu nǹkan lábẹ́ ewé gbígbẹ. Kùkùté ìrókò ni.

Mo mọ ìrókò yẹn. Ọdún tí mo wọ yunifásítì ni Bàbá sọ fún gbogbo ilé pé atẹ́gùn wó o. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í gé igi kó tẹ́jú bí àga. Mo gbójú sókè, Bàbá gbé tiwọn sílẹ̀.

"Ẹ tà á ni?"

Wọ́n rọra fèsì, "Igi kan ṣoṣo ló wà. Ọmọ méjì ló ń lọ síléèwé."

Àbúrò mi ni wọ́n mú kúrò nílé ìwé lọ́dún yẹn. Wọ́n ní owó ò sí. Oko ẹ̀gẹ́ yẹn ni wọ́n fi rọ́pò ìwé fún un.

"Kàn sọ pé àrùn ni," Bàbá ní. "Má dárúkọ kùkùté."

Inú bí mi. Wọ́n lọ kírun.

Nígbà tí mo délé, Àáfà ti jókòó sórí ẹní, Kùránì wà níwájú rẹ̀ nínú aṣọ funfun. Àpò àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rí àpò náà, mo sì sọ ọ́ tán pátápátá: olú, gbòǹgbò, kùkùté, ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gé igi. Bàbá ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo mọ̀. Atẹ́gùn kì í ké bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi. Inú kíláàsì ni mo ti gbọ́ ọ." Ó wá yíjú sí Àáfà. "Tó bá jẹ́ ti ìbúra ni, Àáfà, Àǹtí mi ló yẹ kí wọ́n búra. Àwọn ni wọ́n pa kòkó Bàbá."

Àáfà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Àáfà gbé Kùránì rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

"Kí la máa ṣe sí i?" àbúrò mi bi mí.

Mo sọ fún un. A máa hú kùkùté náà, a sì máa wa kòtò jíjìn yí ibi tó ń kú ká, kí gbòǹgbò tó lárùn má baà kan èyí tó yè. Ìyókù ṣòro lẹ́nu mi: gbòǹgbò ìrókò ti kọjá sábẹ́ pèrègún. Kòtò náà máa la ẹ̀gẹ́ rẹ̀ já, ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí èmi àti Bàbá dé oko, ó ti hú ìlà ẹ̀gẹ́ kan dànù, ó ti ń walẹ̀.

Bàbá dúró síbi pèrègún, wọ́n wò ó títí.

"Kọjá síbí," wọ́n ní.

"Mo ń bọ̀, Bàbá. Ọ̀dọ̀ mi níbí ò tíì tán."

Kò gbójú sókè. Mo mú ṣọ́bìrì mi, mo fo pèrègún, mo bá a walẹ̀.